Àwọn Ìyá Inú Géèmù Wa

Òórùn búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Yàrá tí a háyà ní Dutse Alhaji wà lókè ilé búrẹ́dì kan, bí ilẹ̀ bá sì ti ń mọ́ ni òórùn ìyẹ̀fun gbígbóná á gba ojú fèrèsé wọlé, á wọ aṣọ wa, á wọ irun wa, bóyá ó tiẹ̀ ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń kọ kóòdù, èmi ni mo ń ya àwòrán: àwọn àpáta, àwọn òrùlé páànù, ọ̀nà pupa bíi ti ẹ̀yìn Bwari, àti àwọn sójà tó ń sáré lórí rẹ̀. Géèmù ìbọn ni, irú èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ àti ẹnu ìbọn rẹ nìkan lo máa ń rí níwájú, bí ẹni pé ìwọ gan-an lo wà lójú ogun. Mo ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí ẹ̀, iṣẹ́ tí ìyá mi, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, rìn kiri ọ́fíìsì fún títí kí wọ́n tó fún mi. Ìwọ náà ti gbé Abuja rí, o mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀yìn ìyẹn yọ nínú ilé.

Nígbà tí a gbé géèmù náà jáde, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ wọlé. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun máa rí àpáta ẹ̀yìnkùlé àwọn òun nínú géèmù, mo sì ka ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùbínú dé. Wọ́n ní ó ń mú fóònù gbóná, wọ́n ní ó ń jẹ dátà, wọ́n ní ìbọn ẹ̀ ń dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ìyẹn ṣe é tún ṣe. Ìṣòro wa gan-an ni pé eré kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí ẹni mẹ́wàá bá pé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á dúró, á dúró títí, inú á bí i, á jáde. Bó ṣe jáde ni ẹlòmíràn á wọlé, òun náà ò ní bá ẹnì kankan. Àìsí èèyàn ló ń lé èèyàn.

Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà wa tó ń fi iye àwọn tó wà nínú géèmù hàn. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń jókòó tì í, tí mo ń wò ó bó ṣe ń wálẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àyà mi máa ń já. Nígbà tó yá, kò já mọ́. Ṣé o rántí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe máa ń rí tí dókítà eyín bá ti gún un lábẹ́rẹ́? O mọ̀ pé tìrẹ ni, ṣùgbọ́n o lè bù ú jẹ kó má dùn ọ́. Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Mò ń jẹun, mò ń dáhùn tí wọ́n bá pè mí, mò ń wọ kèké lọ, mò ń wọ kèké bọ̀.

Ọ̀gá tó ń sanwó kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé géèmù náà dúró, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná, kò le jù. Ó pè mí, ó ní, "Òpin oṣù ni màá wò ó. Tí mi ò bá ti rí èèyàn níbẹ̀, màá pa á o. Èèyàn gidi ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tí ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe." Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ fi àwọn sójà ayédèrú kún inú ẹ̀ kí eré lè máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí dí ọ̀nà yẹn pa.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi rí i pé mò ń fi ọwọ́ tẹ oúnjẹ kiri inú àwo. Ó ní kí ló dé. Mo ní, "Èèyàn ni ò tó, Mọ́mì."

"Níbo?"

"Nínú géèmù yẹn. Tí èèyàn ò bá sí ńbẹ̀, wọ́n máa pa á."

Ó bu òkèlè kan sí i, ó gbé e mì. "Ṣé kí wọ́n ṣáà ti wà ńbẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n ṣáà ti wà ńbẹ̀. Oorun ló ń kùn mí, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Òun náà kò tún béèrè nǹkan kan mọ́, ó kó àwo kúrò.

O mọ àwọn ìyá wa. Tí ọmọ ẹnì kan bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, tí wọ́n sì rí i pé èèyàn ò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kankan kò ní í pè wọ́n kí wọ́n tó dìde. Wọ́n á tún gèlè ṣe, wọ́n á tò tẹ̀lé e, kí ó má baà dà bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mọ ohun tí ọmọ náà ń dúpẹ́ fún. Ìyẹn kò kàn wọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣófo, wọ́n sì ti dí i.

Ọ̀sán Sunday tó tẹ̀lé e ni ìlà wa bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀rẹ́ mi pariwo, ó jó yí àga ká. Láti ọjọ́ náà lọ, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èèyàn ń wọlé, eré sì ń bẹ̀rẹ̀ láìsí ìdúró. Ọ̀gá pè, ó ní, "Yauwa! Ṣé ẹ rí i?" Mo ní a dúpẹ́, sà. Mo dúró kí inú mi dùn, kò dùn. Àwọn kan tún ń fún wa ní ìràwọ̀ márààrún, wọ́n ń kọ àdúrà sábẹ́ rẹ̀: "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọmọ wa." "Olúwa yóò gbé ọ lékè." Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ọmọ kéékèèké ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi dé. Àwọn tó ń gbá géèmù náà gan-an kọ ọ́ pé èèyàn inú ẹ̀ kì í rìn. Wọ́n ní bí àwọn bá yìnbọn fún wọn, wọn ò ní wẹ̀yìn, wọ́n á ṣubú, wọ́n á dìde, wọ́n á tún dúró síbi tí wọ́n wà. Wọ́n ní òpùrọ́ ni wá, kọ̀ǹpútà la kó sínú ẹ̀ tí à ń pè ní èèyàn. Ẹnì kan gbé fídíò jáde: àwọn sójà tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn kọjú sí àpáta bí ẹni ń dúró de mọ́tò, òun sì ń yìnbọn pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn pín fídíò yẹn kiri ju bí wọ́n ti ṣe sọ̀rọ̀ géèmù wa rí lọ.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó tì í kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Abeg, wá wo nǹkan." Àdúgbò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú fóònù àwọn sójà tí kì í rìn yìí wà, àdúgbò ilé tiwa. Ó ṣí orúkọ tí wọ́n fún àwọn sójà wọn. Ìyá Ìbejì. Mummy Choir. Ìyá Olóyè. Lẹ́yìn wọn ni mo rí èyí tó kù: Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń pe oríkì mi láyé yìí. Mo mú báàgì mi, mo lọ sílé.

Inú ilé ìdáná ni mo bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti fi fóònù rẹ̀ ti agolo iyọ̀. Géèmù wa ló wà lójú ẹ̀, sójà rẹ̀ kọjú sí ògiri, kò mira. Ìbọn dún, ojú fóònù pọ́n, sójà náà lulẹ̀, ó tún dìde.

"Wọ́n tún ti pa mí," ló wí, kò gbé ojú sókè kúrò nínú ẹ̀wà. "Àwọn ọmọ yìí ò láàánú."

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo wà ńbẹ̀ ni. Ṣebí ìwọ lo ní èèyàn ò tó."

Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ni. Wọ́n ti pín ìrọ̀lẹ́ láàárín ara wọn, àwọn akọrin ní ọjọ́ tiwọn, àwọn tó ń tọ́jú èrò ní tiwọn, kí ibẹ̀ má baà ṣófo. Dátà ara wọn ni wọ́n ń rà. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo fóònù náà. Mo mọ̀ pé àwọn ló ń lé àwọn tó fẹ́ gbá géèmù wa lọ. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá ní kí wọ́n dúró, ìlà yẹn máa já lulẹ̀, ọ̀gá máa pa á. Ó yẹ kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. N kò lè ṣe ọ̀kankan. Mo bá a ṣa ẹ̀wà.

Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí a kọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń rìn, tí wọ́n ń yìnbọn padà, èèyàn gidi ni wọ́n kúkú jẹ́, géèmù á sì dùn. Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà wọn, a lọ bá wọn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi ìgò wọn sójú, wọ́n fi ìka kan tẹ fóònù. Kò pẹ́ rárá tí rírìn fi mọ́ wọn lára. Kíákíá ni wọ́n ti ń lọ kí ara wọn nínú géèmù. Ìbọn yíyìn ló di wàhálà. Alága wọn, ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí fóònù.

"Ọmọ tí mo fẹ́ yìnbọn fún yìí, ṣé kò ní ìyá ni?"

Ọ̀rẹ́ mi rọra ní, "Mummy, kò ní kú. Ó máa tún dìde ni."

"Tó bá máa dìde, kí ló dé tí màá fi kọ́kọ́ pa á?"

Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà parí sí nìyẹn. Láti ìgbà náà, wọ́n ń rìn kiri lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárín ogun, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò yìn ín rí. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà tán, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí ọ̀gá dé lópin oṣù, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ka àwọn orúkọ náà. "Kai! Àwọn wo nìyí?" Mo sọ òótọ́ fún un, pé ẹgbẹ́ ìyá mi ni. Ọ̀gá kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ní, "Èèyàn gidi ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí géèmù yìí ni wọ́n ṣe wá." Ó ní ìrọ̀lẹ́ Friday ni òun máa pa á. Mo ní ó dáa, sà. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n lè sinmi, ó ti parí. Ó kàn ní, "Ìrọ̀lẹ́ Friday lo wí?"

Ní Friday, nínú yàrá wa lókè ilé búrẹ́dì, oòrùn ti ń wọ̀, mo fi fóònù mi wọ inú géèmù náà kí n lè wo àwọn àpáta tí mo yà fún ìgbà ìkẹyìn. Kò sí ìró ìbọn. Mo rìn gba ojú ọ̀nà pupa yẹn dé pápá. Gbogbo wọn wà ńbẹ̀. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rí wọn rí lọ, àwọn akọrin, àwọn tó ń tọ́jú èrò, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti rí bọ́tìnnì tí sójà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọta. Wọ́n ń fi í kúnlẹ̀ gbàdúrà. Géèmù náà máa ń gbé ohùn àwọn tó wà nínú ẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn alága wọn, wọ́n ń ṣe àmín, ohùn wọn ń já lọ já bọ̀ nítorí nẹ́tíwọọ̀kì.

Ìyá mi rí orúkọ mi. "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ nìyẹn? Ṣé a tó?"

Mo ní, "Ẹ tó, Mọ́mì."

Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ojú fóònù ṣókùnkùn. Ọ̀rẹ́ mi wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó jáde o." Mi ò sunkún. A to àwọn àga, a ti fèrèsé, a lọ sílé.

Ilé iṣẹ́ òkèèrè kan ni mò ń bá ya àwòrán báyìí, láti yàrá mi. Géèmù ìbọn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ náà, èèyàn inú ẹ̀ kò lóǹkà, wọ́n sì máa ń fi ìlà tiwọn hàn wá nínú ìpàdé. Ó pẹ́ kí ara mi tó ti kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn tó tú. Ọjọ́ tó tú, nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́, omijé kàn dé, mo sì pa kámẹ́rà mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé àwọn tí mo jókòó dè ní oṣù yẹn, àwọn tó máa fẹ́ràn iṣẹ́ mi, wá lóòótọ́, wọ́n wò ó, wọ́n sì lọ. Àwọn tó dúró kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ń mú fóònù wọn gbóná, ó ń jẹ dátà wọn, àwọn ọ̀dọ́ ń yìnbọn pa wọ́n nínú ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, síbẹ̀ wọ́n ń padà wá. Láti ìgbà náà, mo ti rí ọ̀pọ̀ géèmù tó kú. Èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ tán nínú wọn, kí wọ́n tó pa wọ́n. Tiwa nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n pa nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀.