Orúkọ Ọmọ Rẹ̀ Ló Fi Ń Pè Mí

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ sì ti bá iṣẹ́ lọ sí Kútọnu, ilé wa ní Manigri wá tóbi jù fún mi. Láàárọ̀, mo máa ń gun zémì, alùpùpù akérò, lọ sí Bassila, níbi tí mo ti ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń padà. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, mo máa ń sọ sókè pé, "Mo dé o," bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Iṣu tí mo bá sè kì í tán.

Ìyá àgbà kan ń gbé ní ilé tó kángun sí tèmi. Opó lòun náà. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, obìnrin, ti lọ sí Nàìjíríà láti ìgbà èwe rẹ̀, a kì í sì í gbúròó rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì gba oko kajú lọ. Èmi àti ìyá náà kì í ṣọ̀rẹ́. Mùsùlùmí ni. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni kò ti dá mi lóhùn mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á yíjú sí ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sáré wọlé. Ẹ̀bá ìkòkò omi ló wà nílẹ̀, apá òsì rẹ̀ kò ṣeé gbé, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Bassila. Nígbà tí a gbé e padà, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ọkàn rẹ̀ náà sì ti rìn jìnnà. Bí mo ṣe ń fi aṣọ nu ọrùn rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo dé?"

Mo fẹ́ sọ pé èmi kọ́. Ó tún fà mí mọ́ra.

"Mo wà níbí, Ìyá," ni mo sọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí n tó lọ sí Bassila, mo máa ń gbé omi kaná, màá wẹ̀ ẹ́, màá fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Bó bá fẹ́ kírun, èmi ni mo máa ń bu omi àlùwàlá fún un. Arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ ọmọ Jésù, omi àlùwàlá lò ń bù?"

"Ẹsẹ̀ ló ní kí n bá òun fọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ṣé Olúwa wa ò fọ ẹsẹ̀ rí ni?"

Nígbà tó yá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí, wọ́n ní ìfẹ́ tí kì í wá ire ara rẹ̀ ni mo ní. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé inú mi ń dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí nínú ilé. Orúkọ tí ìyá ń pè kì í ṣe tèmi, síbẹ̀ èmi ni mò ń jẹ́ ẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, lórí gudurọ́ọ̀nù, ọ̀nà ọlọ́dà, mo máa ń sọ fún onízémì pé kó tẹsẹ̀ mọ́rìn, pé ẹnì kan ń retí mi.

Ìgbà tí iṣu tuntun jáde ni ọmọ náà dé. Ọkọ̀ tó gba Pénéssoulou wá ló já a sílẹ̀ tòun ti ẹrù rẹ̀. Ẹnì kan ló bá a pàdé nínú ọjà lọ́hùn-ún tó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ṣubú. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní.

"Ìyá, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni."

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ta ni èyí? Ẹ ní kó jáde. Ọmọ mi wà níbí." Ó sì rọ̀ mọ́ mi.

Obìnrin náà bọ́ síta, ó jókòó sábẹ́ igi kajú, ó ń sunkún. Mo lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun," ló ń sọ. "Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí. Ìyá mi ò mọ̀ mí."

Ó gbìyànjú títí. Ìyá kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kí n ti Bassila dé. Mo rí i pé níwọ̀n ìgbà tí ohùn mi bá ṣì ń dún nínú ilé náà, kò sí àyè fún un. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti gbàdúrà, ẹnu mi kọ̀ láti là, torí ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí obìnrin yìí padà síbi tó ti wá.

Nígbà tí mo délé, mo pè é. Mo fi bí omi ṣe máa ń gbóná tó hàn án, àti bí wọ́n ṣe ń gbé apá tó kú náà tí kò fi ní dun ìyá. Mo bọ́ ìró tí ìyá máa ń fọwọ́ pa lára mi, mo fún un.

"Èyí ni kó o máa ró. Mo ń lọ sí Bassila, màá máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù."

"Títí dìgbà wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Títí ọwọ́ rẹ á fi mọ́ ọn lára."

Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kéré, òjò sì ń rọ̀ lórí páànù. Bí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, kò sí ohùn èèyàn kankan mọ́. Mo ń jẹ gààrì, mo ń wo fóònù. Níkẹyìn, ọmọ ìyá pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ó jẹun lọ́wọ́ mi lónìí. Ó pe orúkọ mi."

"Ọlọ́run ṣeun," ni mo sọ, tọkàntọkàn ni mo sì fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ń fi ẹsẹ̀ yí i, láìsí aṣọ nínú rẹ̀.

Ìyá kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí rẹ̀ wà lórí itan ọmọ rẹ̀. Níbi ìsìnkú, àárín àwọn aládùúgbò ni mo jókòó sí. Àwọn tó wá ń kí ọmọ, bó ti yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tó ń padà sí Nàìjíríà, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí mi lọ́wọ́.

Ewé kajú máa ń wọ́ sí iwájú ilé méjèèjì. Mo máa ń gbá a kí n tó gun zémì lọ síbi iṣẹ́.