Agẹmọ Bá Mi Dé Padova

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi gbé kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kúrò ní Barriera di Milano, àdúgbò wa ní Torino. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ Porta Nuova, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova. Ìbùkún ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe laurea, ìyẹn ni pé yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó fún un ní oyè. Ẹ̀rù bà mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ bi ní ìbéèrè. Orúkọ oṣù kan ṣoṣo nílẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ lọmọ mi fi odindi ọdún kọ̀wé lé lórí!

Ó wá pàdé mi ní ibùdókọ̀. Táyà ni tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú Padova, fi ń rìn, irin kan ṣoṣo ló sì ń tọ̀. Ẹ̀yin ará ilé, mo rí nǹkan! Inú rẹ̀ ni mo ti ní kó ṣàlàyé oṣù ọ̀hún.

"Anthestērión, mamma. Viene da una festa, le Anthestéria."

Ó ní Anthestéria ni ọdún wáìnì tuntun tí àwọn Gíríìkì ń ṣe nígbà tí òdòdó bá ń yọ. Wọ́n mú orúkọ ọdún náà, wọ́n fi "ṓn" sí ìdí rẹ̀, ó di orúkọ oṣù. Ó ní akọ sì ni oṣù náà nínú gírámà wọn.

"Oṣù wo ló ń jẹ́ akọ? Ta ló yẹ ìdí ẹ̀ wò?"

Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn èèyàn fi ń wò wá.

Nínú gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń mu omi. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan wá bi í bóyá àwọn Gíríìkì nìkan ló ń fi ọdún sọ oṣù lórúkọ.

"No, professoressa. Da noi luglio si chiama Agẹmọ."

Ó ní Agẹmọ là ń pe oṣù keje nílẹ̀ wa! Ẹnu yà mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti di àtúnbí, n kò dárúkọ ọdún yẹn nínú ilé mi rí. Obìnrin náà ní kí ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀. Dípò kó dáhùn, Ìbùkún yíjú sí mi. Ṣé nítorí ohun tí mo fi pamọ́ lọmọ mi yóò ṣe fìdí rẹmi?

Mo dìde, mo fi èdè Ítálì mi tó ń tiro sọ pé àwọn alágẹmọ mẹ́rìndínlógún máa ń ru ẹrù wọn wá láti ìlú wọn. "Ṣùgbọ́n obìnrin kì í rí wọn, mà. Wọ́n á tì wá mọ́lé ni. Ìró ẹsẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ ní kékeré."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi gboyè! Wọ́n dé e ní adé ewé alloro, ewé tí mo fi se ìrẹsì mi gan-an. Ìrẹsì náà kò ṣẹ́kù.

Bí mo ṣe padà dé Torino, mo pe bàbá mi ní Ìjẹ̀bú.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ Agẹmọ fún mi, bí Ìbùkún bá tún bèèrè."

"Ìbùkún kẹ̀? Ó ti ń pè mí tipẹ́. Gbogbo ohun tí etí obìnrin lè gbọ́ ni mo ti sọ fún un. Òun ni kó o lọ bi."

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi. Mo ti ń rò pé èmi ni mo gba ọmọ mi sílẹ̀ ní Padova, àṣé òun ló fà mí dìde.