Ọ̀rọ̀ Tí Apẹja Kò Fẹ́ Sọ

Ní àdúgbò mi ní Ìgbògbò, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé fíìmù ni mò ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì rí ìkankan rí. Ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi máa ń kí mi báyìí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ tí a ò rí yẹn.” Èmi náà á ní, “O ṣeun, àbúrò. Jẹnẹrétọ̀ tí o tún ṣe fún mi náà, a ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀.” Bí a ṣe ń gbé pọ̀ nìyẹn láti nǹkan bí ọdún mọ́kànlá.

Kì í ṣe pé mi ò ṣe nǹkan kan o. Mo ti kọ eré fún àwọn ẹlòmíràn débi pé tí wọ́n bá ní kí n ka gbogbo ìyá ọkọ burúkú tí mo ti dá sílẹ̀, ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ mi ò ní tó o. Ṣùgbọ́n fíìmù tèmi gan-an, èyí tí mo fúnra mi kọ tí mo sì darí, mẹ́ta péré ni. Àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi yà á, mi ò kà á sí nǹkan kan, òun làwọn èèyàn wá fẹ́ràn. Mo ti wọkọ̀ rí tí àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bú ara wọn lójú mi, tí wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo kọ èébú náà. Ìkejì, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo rò pé aráyé á tìtorí rẹ̀ dìde dúró. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wá wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́: mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ẹbí mi, ẹnì kan sì ń sá fún òjò.

Ìkẹta ni mo fẹ́ sọ.

Inú gbólóhùn kan ṣoṣo ni fíìmù náà ti hù. Èbúté Ìkòròdú ni mo wà, mò ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, ni mo bá kọ ọ́ sínú fóònù mi: apẹja kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ìyàwó tó ti bá a gbé fún ogójì ọdún dúró níwájú rẹ̀, ọkùnrin náà wò ó, ó ní, “Mo kọ̀ ẹ́ sílẹ̀.” Ó parí. Kò sí ariwo, kò sí ẹkún. Gbogbo ìyókù ìwé eré náà, nǹkan bí àádọ́rùn-ún ojú ìwé, torí kí gbólóhùn yẹn lè ríbi jókòó ni mo ṣe kọ ọ́.

Mo wá agboolé kiri títí mo fi rí ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà, tí òòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tààrà. Apẹja ló ni ilé náà lóòótọ́, Mùsùlùmí tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja, ó sì ń tà á. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Òṣèré méjì tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ni mo bá ṣàdéhùn láti ṣe ọkọ àti ìyàwó. Nígbà tó ku ọ̀la ká bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà pè mí: iṣẹ́ ńlá kan ti já lé òun lọ́wọ́ ní Erékùṣù Èkó, kí n jọ̀ọ́ má bínú, obìnrin náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun náà ní kí n má bínú.

Kámẹ́rà tí a ń lò, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòròdú ló yá mi. Ọjọ́ mẹ́fà ló fún mi, torí òun fúnra rẹ̀ máa gbé e rìnrìn àjò lọ́jọ́ keje. Mò ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún ayàwòrán mi, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, nígbà tí tọkọtaya onílé bẹ̀rẹ̀ ìjà lẹ́yìn wa.

“Àwọ̀n yín lẹ tún sá sórí ibi tí mò ń sá ẹja sí,” ìyàwó ní. “Ṣé ẹja tó ti kú lẹ tún fẹ́ mú ni?”

“Ó lè sá,” ọkọ dá a lóhùn.

Ayàwòrán wò mí. Èmi náà wò ó. Bí tọkọtaya yẹn ṣe di òṣèré nìyẹn.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe eré bí ẹni tí a bí sídìí rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ sókè, wọ́n á sì tún un sọ lọ́nà tiwọn, tiwọn á wá dùn ju tèmi lọ, ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi nínú bó ṣe yẹ. Nǹkan kan péré ló yẹ kí n ti kíyè sí. Nígbàkígbà tí a bá ń fi ibi ìkọ̀sílẹ̀ yẹn dánra wò, tó bá kan gbólóhùn náà, ọkùnrin yìí á gbé ọwọ́ sókè, á ní, “Ibí ni mo ti máa wá sọ nǹkan yẹn.” Mo rò pé ó ń tọ́jú rẹ̀ de kámẹ́rà ni. Mo tilẹ̀ fi yangàn fún ayàwòrán mi: “Ṣé o rí i? Òṣèré gidi kì í fi ohùn ṣòfò.”

Ọjọ́ kẹfà pé. Lẹ́yìn ìrun alásárì, òòrùn bọ́ síbi tí mo fẹ́ gẹ́lẹ́. Mo ní, “Ó yá!” Ìyàwó dúró níwájú ọkọ. Ọkọ wò ó. Ó wò ó títí, kò sọ nǹkan kan.

“Bàbá, ẹ sọ ọ́.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

A tún un ṣe. Ó tún wò ó títí. Lẹ́ẹ̀kẹta ló dìde, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

“Àbúrò, ìyàwó mi nìyẹn o.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Eré ni.”

“Ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ eré. Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́ o, ìbínú ni mo fi sọ ọ́ o, kámẹ́rà ni mo sọ ọ́ sí o, tí mo bá ti sọ ọ́, mo ti sọ ọ́ nìyẹn. Àáfà wa kì í fi ibẹ̀ ṣeré.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò ti sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“Mo rò pé o máa yọ ọ́ kúrò fúnra rẹ tó o bá rí i pé kò dáa.”

Èmi tí mo dàgbà láàárín ìmọ̀le àti onígbàgbọ́ ní Ìkòròdú, tí mo ti jẹ ẹran iléyá ju ọmọ àáfà mìíràn lọ, ó yẹ kí n ti mọ̀. Mo wá tọkọtaya gidi torí kí eré mi lè jọ òótọ́. Mi ò rò ó pé òótọ́ náà lè kọ̀ láti ṣeré. Láìsí gbólóhùn yẹn, mi ò ní fíìmù. Àwòrán ẹja ni mo ní.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó wà. “Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́ ọ,” ó ní. “Ẹja òní ti yan tán, mi ò níṣẹ́ mìíràn.”

“Ìyá wọn, dákẹ́.”

“Ogójì ọdún, ẹ ò rẹ́nu sọ ọ́. Kámẹ́rà dé, ẹ ò tún rẹ́nu sọ ọ́.”

Ayàwòrán mi dá a lábàá pé kí Bàbá kàn máa mi ètè, a ó wá ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́ tó bá yá.

“Ètè ta ló máa mì?” Bàbá béèrè.

“Tiyín ni, sà.”

“Èmi ni mo sọ ọ́ nígbà náà.”

Mo ní ó dáa, kí ó bọ́ aṣọ àti fìlà rẹ̀ fún mi. Màá jókòó síbẹ̀, màá kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, èmi ni màá sọ ọ́. Ọkùnrin náà ti ń ṣí fìlà kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ìyàwó rẹ̀ ló da nǹkan rú.

“Ta ni? Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀?” Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. “Nígbà wo lẹ fẹ́ mi ná?”

Ẹ̀rín pa ayàwòrán mi débi tó fi ní láti jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Òòrùn ń lọ, ilẹ̀ ò sì ní í mọ́ kí kámẹ́rà tó gbéra lọ sí Ìkòròdú. Mo jókòó sórí igi ọkọ̀, mò ń ronú irọ́ tí màá pa fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Obìnrin náà wá bá mi níbẹ̀. Àwàdà ti kúrò lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó fẹ́ kọ́ olódo níṣirò.

“Ọ̀gá, ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin tó bá fẹ́ kọ ìyàwó sílẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀? Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ fún un, ó ṣí i, ó wò ó, ó dé e padà, ó tì í sẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé bàbá wa.”

Mo bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó lè ṣe ìyẹn. Ó ronú díẹ̀. “Ìyẹn ò kan àáfà,” ó ní. “Èmi àti ọ̀fun mi nìyẹn.”

Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà sè fún gbogbo wa ní ọ̀sán ṣì kù. Ìyàwó bu ú sínú abọ́ ọlọ́mọrí, a pa dà sí ààyè wa. Mo ní, “Ó yá!” Ó gbé abọ́ kalẹ̀. Ọkọ ṣí i, ó wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

“Bàbá!”

“Ebi ló ń pa mí. Àtàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ò ti jẹ́ kí n jẹun.”

A tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣí abọ́, ó wò ó, ó dé e, ó fi ìka méjì tì í sẹ́yìn. Ohun tí mo sọ fún ìyàwó ni pé kó yípadà, kó máa lọ. Kò lọ. Ó lóṣòó, ó ṣí ọmọrí, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

“Iyọ̀ ni?”

Ọkọ ò dáhùn. Òun náà ò tún béèrè mọ́. Mo gbàgbé láti sọ pé kí wọ́n dúró. Ayàwòrán ló bá mi sọ ọ́. Bó ti sọ ọ́ báyìí ni ọkùnrin náà fa abọ́ mọ́ra, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà tán lójú gbogbo wa, ó ní kó má baà di nǹkan gidi.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo fi fíìmù náà han ọkùnrin kan tó máa ń ra fíìmù fún àwọn tó ń wò ó lórí fóònù. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó fẹ́ rà á, àfi nǹkan kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ibi ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ò yé èèyàn. Wọ́n á rò pé ọkùnrin náà ti yó ni. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ibì kan wà tó ti kẹ̀yìn sí wa, ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ níbẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ wà. Òṣèré tó já mi sílẹ̀ níjọ́sí, tó ń wá bó ṣe máa tù mí lójú, wá sí Ìkòròdú, ó sọ gbólóhùn náà sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni, fíìmù mi sì di méjì lórí fúláàṣì kan náà: èyí tó sọ ọ́ àti èyí tí kò sọ ọ́. Èyí tó sọ ọ́ ló ní oníbàárà.

Kí n tó fi í ránṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ fi han àwọn onílé, torí mo ti ṣèlérí. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, mi ò mọ èwo ni màá fi hàn wọ́n. Mo bá ìyàwó àti àwọn obìnrin agboolé náà bíi mẹ́jọ nínú pálọ̀, wọ́n ti fi aṣọ dí fèrèsé kí tẹlifíṣọ̀n lè hàn. Èyí tí kò sọ ọ́ ni mo fi sí i. Ó wù mí kí n sọ pé ìgboyà ni, ṣùgbọ́n apẹja náà ló jókòó tì mí, orúnkún rẹ̀ kan tèmi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Ó wá kan ibẹ̀. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n ṣí abọ́, ó wò ó, ó dé e, ó tì í sẹ́yìn.

“Yéè! Ó ti kọ̀ ọ́!” obìnrin kan pariwo.

“Lórí ìkọ́kọrẹ́!” èkejì ní. “Bàbá, kí ló fi ṣe yín?”

Gbogbo wọn kọjú sí i. Ọkùnrin náà fò dìde, ó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ jẹ́rìí mi o! Mi ò sọ nǹkan kan! Ta ló gbọ́ ohùn mi nínú yín?”

“Ẹ jókòó jàre,” ìyàwó rẹ̀ ní. “Ẹ ò jẹ́ ká ríran. Ó ku díẹ̀ kí n béèrè iyọ̀.”

Kí n tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, mo kọ̀wé sí oníbàárà náà pé fíìmù yẹn ò ní yí padà, pé mo ti rí àwọn tó yé. Ó fèsì pé “Ó dáa.” Látìgbà náà, mi ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, mo pa èyí tó sọ ọ́ rẹ́ kúrò lórí fúláàṣì, torí mo mọ ara mi.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́tàlá ni mò ń kọ lọ́wọ́ fún àwọn ẹlòmíràn báyìí. Wọ́n ní kí ọkọ kọ ìyàwó sílẹ̀ ní apá kẹta, kó tún kọ̀ ọ́ ní ìkeje, kó wá kọ̀ ọ́ pátápátá ní ìkọkànlá, kó sì sọ ọ́ jáde kí gbogbo ayé gbọ́. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òṣèré méjèèjì kò fẹ́ ara wọn, kálukú ló ní ilé tirẹ̀. Kí n tó fi ìwé ránṣẹ́, mo pè wọ́n, mo bi wọ́n kó lè dá mi lójú.