Máṣínì tí Àna Baálé Tà fún Wa

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Bí mo bá pe ènìyàn ní ọ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀ ni kí o kọ.

Ìgbà tí bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di géńdé ni, tí ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ní Ìlọrin. Gbogbo ọmọkùnrin tí kò rí iṣẹ́ ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í gun máṣínì, tí wọ́n ń fi gbé èrò. Ọkọ mi ti kú. Ọmọkùnrin méjì ló fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Èkó, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí bàbá rẹ náà wá ń sọ̀rọ̀ Èkó, mo pè é jókòó. Mo ní kó má lọ, n ó ra máṣínì fún un. Ọkà bàbà ni mò ń tà lọ́jà Ipata, mo sì ti tọ́jú owó díẹ̀. Kò lè ra tuntun, àlòkù ló lè rà. Bàbá rẹ ní, "Màmá, bí máṣínì bá wà, kí ni mò ń wá lọ sí Èkó?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Mo lọ fi tó baálé létí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú agboolé wa. Baálé yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ ni kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa fa tẹ̀sùbáà, kó sì máa béèrè ohun tí wọ́n sè lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń kọjá.

"Ìyàwó," ló wí, "obìnrin kì í ra máṣínì. Fi í sílẹ̀ fún mi. Àna mi ní ọ̀kan tó fẹ́ tà."

Àna tó ń wí, bàbá ìyàwó rẹ̀ kékeré ni. Àlàájì ni, ilé rẹ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Baálé ju Àlàájì lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló fẹ́, nítorí náà ibikíbi tó bá ti rí i, ńṣe ni yóò nà gbalaja sílẹ̀, tí gbogbo eegun ara rẹ̀ á máa dún kẹ̀kẹ̀. Àlàájì á kàn ju ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

A lọ wo máṣínì náà. Bàbá rẹ mú mẹkáníìkì kan láti àdúgbò Ṣàngó dání. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun máṣínì náà, ó ń dán, ṣùgbọ́n ọ̀dà abẹ́ táńkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀, ó yọ sípánà. Baálé ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, ó kàn gbé orí sókè.

"Dìde níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àna mi ni?"

"Bàbá, bí a ò bá tú u wò, a ò ní mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Ohun tí àna bá fún èèyàn, ṣé wọ́n ń tú u wò ni?"

Mo ní, "Baálé, kì í ṣe pé wọ́n ń fún wa o. Títà ni wọ́n ń tà á."

Ó wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀. Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Wàlláhì, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, mi ò tà á. Òun ni mò ń gùn káàkiri. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é."

Iye tó pè la san. Nínú agboolé wa, wọn kì í ná ọjà lọ́wọ́ àna, wọ́n ní bí ìgbà tí èèyàn ń ná ọmọ wọn lówó ni. Èmi tí mò ń bá àwọn àgbẹ̀ Màlété ná bàbà títí wọ́n fi ń bú mi, mo dúró gbagidi, mò ń wo baálé tó ń fi owó mi dọ̀bálẹ̀. Mẹkáníìkì dá sípánà rẹ̀ padà sápò. Ó ní, "N ó máa retí yín ní ṣọ́ọ̀bù."

Nígbà tí a délé, baálé ránṣẹ́ pe àwọn àáfà. Wọ́n ṣe àdúà sí máṣínì, wọ́n jẹ gbogbo àkàrà tí mo dín, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì bàbá rẹ gbé èrò. Kò tíì di ọ̀sán tí máṣínì fi ń húkọ́, tí èéfín bò wọ́n, tí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ tó ń bú u. Ó tì í dé ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngó. Ọ́ìlì tó ki bí oyin ni Àlàájì dà sínú rẹ̀ kí ariwo ẹ́ńjìnnì má baà jáde. Bí mẹkáníìkì ṣe da ọ́ìlì náà nù, máṣínì ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ tán.

Bàbá rẹ tì í padà wálé. Ó fa báàgì rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Èkó yóò gbéra lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti bá a gba àyè. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

Mo lọ bá baálé. "Ẹ bá wa dá máṣínì yìí padà."

"Dá kí ni padà? Sọ́dọ̀ àna? Kádàrá ni, ìyàwó. Ẹ ṣe sùúrù."

"Kádàrá wo ló ń po ọ́ìlì?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, èmi àti bàbá rẹ ti máṣínì náà dé ẹnu ọ̀nà Àlàájì, a fi dí i. Mo tẹ́ ìborùn mi lé ìjókòó rẹ̀, mo jókòó. Lẹ́yìn ìrun, àwọn èèyàn a máa yà kí Àlàájì, òun náà a sì máa pín èso dàbínù fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti dé Mẹ́kà. Wọ́n ń jáde bọ̀.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ gun máṣínì lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Máṣínì Àlàájì ni. Ó tà á fún ọmọ òrukàn, ó sì búra sí i. Mo wá kí wọn pé wọ́n kú ìrun."

Irùngbọ̀n ti ń hù lẹ́nu bàbá rẹ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ òrukàn ni mo pè é. Gbogbo ẹni tó bi mí, ohun kan náà ni mo wí. Ẹnì kan ní, "Sùbùhánàlláì!" Ẹlòmíràn fẹsẹ̀ ta máṣínì náà kó lè jí, kò jí.

Àlàájì dé pẹ̀lú agbádá funfun. "Ìyá Alábàbà, ẹ jẹ́ ká wọlé ká sọ̀rọ̀."

"Ìta yìí tù mí lára, Àlàájì. Afẹ́fẹ́ wà."

"Àna mi ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ wá?"

"Àna yín wà nílé, wọ́n ń sinmi. Ìdọ̀bálẹ̀ ti pọ̀ jù fún wọn."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tó fẹ́ dàbínù. Ó wọlé, ó ti máṣínì tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn jáde. Ọwọ́ òsì ló fi na kọ́kọ́rọ́ sí wa. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á.

"Ẹ ṣeun," mo wí. "A ó tú u wò."

Mo rán bàbá rẹ lọ pe mẹkáníìkì. Ó dé, ó tú u wò bó ṣe wù ú, Àlàájì dúró sínú oòrùn, ó ń làágùn sí agbádá. Mẹkáníìkì ní ó dára. Nígbà náà ni mo tó dìde.

Ọkọ̀ akẹ́rù lọ ní Sátidé, bàbá rẹ ò sí nínú rẹ̀. Baálé lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì nítorí ìwà mi, ó sì fi ọjọ́ pípẹ́ bá mi yodì. Mo gbádùn rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, baálé jáde lárọ̀ọ́ ọjọ́ kan, ó dé fìlà, ó ní kí bàbá rẹ gbé òun dé Ipata. Ó gun ẹ̀yìn máṣínì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí ọmọ mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú sódò. Àwọn aládùúgbò ń kí i.

"Baálé, ẹ kú oríire máṣínì o!"

"Àmí," ló ń wí. "Àna mi ló tà á fún wa."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wò wọ́n títí wọ́n fi yà. Bàbá rẹ ló ń gùn ún, kì í sì í ṣe Èkó ló ń lọ. Kí baálé máa ṣe àmí lọ.