Páálí Ìṣáná Méjì

Páálí ìṣáná méjì ló wà nínú àpò ẹ̀wù mi lọ́jọ́ yẹn. Ìṣáná wà nínú ọ̀kan, ìwọ́ ọmọ mi wà nínú èkejì. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi kó méjèèjì sínú àpò kan náà. Ìyàwó mi ti bi mí, ìyá mi ti bi mí, èmi náà sì ń bi ara mi títí di òní, n ò tíì rí èsì tó ṣeé gbọ́ sétí.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní Adja-Ouèrè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo pupa, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, èyí tó bá ti dákẹ́ nínú wọn, ìbáà jẹ́ láàárín oko, èmi ni wọ́n ń pè. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dáa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí mo bá ti dojú kọ ẹ̀rọ, tí ẹnìkan wá ń bá mi sọ̀rọ̀, inú á bí mi bíi pé wọ́n gbé oúnjẹ kúrò níwájú mi.

Àkọ́bí wa ni ọmọ náà, obìnrin ni. A ti sọ ọ́ lórúkọ tán kí ìwọ́ rẹ̀ tó já. Ìyá mi tó ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ló rí i. Ó fi òwú wé e, ó wá nǹkan tí á kó o sí, páálí ìṣáná kan tó ti ṣófo ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó kó o sínú rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e lọ sí oko bàbá mi ní Tatonnonkon, kí n sin ín, kí n sì gbin ọ̀dọ́ ọ̀pẹ lé e lórí. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọ̀pẹ tèmi náà wà níbẹ̀, bàbá mi fi hàn mí kó tó kú, ẹyìn rẹ̀ sì wà lára èyí tí a fi ń ṣe epo tí à ń jẹ. Wọ́n ní ọmọ tí wọn ò bá sin ìwọ́ rẹ̀ kì í mọ ilé, á kàn máa rìn kiri ayé ni. Ìyàwó mi, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, kò ka ọ̀rọ̀ rírìn kiri yẹn sí, àmọ́ ó ní ohun tó so ọmọ mọ́ òun nínú fún oṣù mẹ́sàn-án kò yẹ kó dé àkìtàn.

Ìyá mi kìlọ̀ fún mi kí n tó jáde. "Bí o bá ti gbé ìwọ́ ọmọ sára, ọ̀nà kan ṣoṣo lo ní. Má yà síbì kankan." Mo ní mo ti gbọ́. Mo so ọ̀dọ́ ọ̀pẹ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, mo ki páálí náà bọ àpò àyà ẹ̀wù mi, níbi tí ìṣáná tí mo fi ń yọ́ rọ́bà nídìí iṣẹ́ ti wà tẹ́lẹ̀.

N ò tíì jìnnà tí fóònù mi fi dún. Àwọn obìnrin tó ń ṣe epo ní Kpoulou ni. Ẹ̀rọ wọn ti dákẹ́, ẹyìn tí wọ́n ti sè sì wà nínú rẹ̀. Bó bá tutù, epo ò ní jáde dáadáa mọ́. Ọ̀nà Kpoulou kì í ṣe ọ̀nà Tatonnonkon. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo rò ó wò. Mo ní kí ni ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ fẹ́ bà jẹ́, ìwọ́ ọmọ ò kúkú ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ. Ni mo bá yà. Kí n má purọ́, inú mi tiẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé ni obìnrin ti kún ilé wa. Bí mo bá gbé ọmọ, wọ́n á ní n ò mọ̀ ọ́n gbé, pé ọrùn rẹ̀ á rọ́, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ mi. Nídìí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Mo débẹ̀, mo bọ́ ẹ̀wù, mo gbé e kọ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ náà ló já, irin kan tó yẹ kó tú sì ti dípẹtà, kò fẹ́ gbọ́. Mò ń làágùn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń dáná sábẹ́ àgbá tí wọ́n fi ń se ẹyìn. Iná rẹ̀ ti kú, ìṣáná rẹ̀ sì ti tán. Ó wá bá mi, ó kí mi kú iṣẹ́, ó bèèrè bóyá mo ní ìṣáná lọ́wọ́. N ò dá a lóhùn. Ó tún bèèrè. Mo nawọ́ sí àpò ẹ̀wù, n ò wo ibi tí ọwọ́ mi ń lọ, mo fa páálí kan yọ, mo jù ú sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní kó gbà, kó jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe. Obìnrin tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí! Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀, ó dúpẹ́.

Mo tún ẹ̀rọ náà ṣe. Nígbà tó dún, àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà fún ọmọ tuntun mi, mo ṣe àmín. Mo wọ ẹ̀wù mi, mo kọrí sí Tatonnonkon.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ tèmi ni mo gbẹ́ ihò sí. Mo fi ọ̀wọ̀ yọ páálí náà, mo ṣí i. Ìṣáná ló kún inú rẹ̀. Mo tún ki ọwọ́ sápò, òfo. Mo yí ẹ̀wù náà sódì, mo tú àpò irinṣẹ́ mi dà sílẹ̀, mo tiẹ̀ tún wo inú ihò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, bíi wèrè. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìyá àgbà tó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀.

Mo sáré padà sí Kpoulou. Iná ti ń jó lala lábẹ́ àgbá. Mo bèèrè páálí mi lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ní nígbà tí òun mì ín, kò dún, òun rò pé ìṣáná inú rẹ̀ ti tán ni. Ó ní òun fẹ́ padà wá sọ fún mi, àmọ́ ojú mi le, ẹ̀rù mi ba òun. Ló bá jù ú mọ́ ihá ẹyìn tó ti kó sínú ààrò, ó lọ bu ògúnná wá ní ààrò ilé kejì.

Ì bá dára kí n lè sọ pé mo dákẹ́. N ò dákẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn níṣojú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Mo bi í pé ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni, mo ní àgbàlagbà wo ni kì í ṣí nǹkan wò kó tó jù ú síná. Nígbà tó gbọ́ ohun tó wà nínú páálí náà, ó káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo ti hùwà tó ń tini lójú rí, kò sí èyí tó tó ìyẹn.

Mo padà lọ gbin ọ̀pẹ náà sórí ihò òfìfo. Nígbà tí mo délé, ìyá mi bi mí pé ṣé mo sin ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé ṣé n ò yà síbì kankan, mo ní rárá. N ò tíì fọ ọwọ́ tí mo ti pa irọ́ méjì. Ó bu omi fún mi mu, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn ló dùn mí jù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ iṣẹ́ di ibi ìsápamọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Kì í ṣe oògùn ẹ̀bi, mo ti lò ó wò. Mo ń jáde kí ọmọ tó jí, mo ń wọlé nígbà tó bá ti sùn. Bí ìyàwó mi bá ní kí n bá òun gbé e kí òun lè jẹun, mo máa ń sọ pé òórùn ẹ̀rọ wà lára mi, kò dáa fún ọmọ. Mo sì ti fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kan mo gbọ́ tó ń fi mí yangàn fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní bàbá ọmọ òun kì í jókòó, pé nítorí ọmọ ló ṣe ń pa ara rẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn ilé jáde.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni ìyá mi ń bèèrè ọ̀pẹ náà. Mo máa ń sọ pé ó ti yọ ewé. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ó yọ ewé lóòótọ́, ó tiẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń bí mi nínú. Ìyá mi ní bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́ta, a máa gbé e lọ fojú rí igi rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Oṣù mẹ́ta náà kò tíì pé lọ́jọ́ ọjà kan tí mo wà níwájú ilé, tí mò ń lẹ táyà alùpùpù mi. Ìyá mi ń pa èkùrọ́, ìyàwó mi ń fún ọmọ lọ́mú. Zẹmijáàn kan, alùpùpù akérò, dúró, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà Kpoulou ni, ó gbé agolo wàrà kan dání, ó fi ọ̀rá dé e lẹ́nu. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Tèmi gun zẹmijáàn wá.

N ò dìde. Ó bèèrè bóyá ibẹ̀ ni ilé ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì lọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi fò dìde, ó ní kó jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo fi ìwọ́ ọmọ yín dáná," ni obìnrin náà wí. "Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí. Eérú ààrò náà rèé. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbá lọ́jọ́ náà, torí n ò mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ nínú rẹ̀."

Ìyá mi wò mí. Ìyàwó mi wò mí. Obìnrin náà nìkan ni kò wò mí, ilẹ̀ ló ń wò. Mo máa sọ òótọ́: ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n dákẹ́. Ó ṣáà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni. Mo sì dákẹ́ lóòótọ́, ó pẹ́ débi pé ìyá mi ti ń fa obìnrin náà dìde, tó ń sọ fún un pé àìmọ̀ ni, pé àwọn ti dárí jì í. Ibi ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹn ni n ò ti lè mú un mọ́ra mọ́.

"Kì í ṣe ẹ̀bi wọn," ni mo wí. "Èmi ni mo yà sí Kpoulou. Èmi ni mo jù ú sí wọn lẹ́sẹ̀ láìwò, mo sì tún bú wọn lé e. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ọ̀pẹ yẹn, Ìyá."

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ó wù mí kí wọ́n pariwo, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá ariwo lóhùn. Ìyàwó mi gbé ọmọ wọlé. Nígbà tó yá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, pé ká ní obìnrin náà ò wá ńkọ́, ṣé mo máa sọ. Mo ní n ò mọ̀. Ó ní ó kéré tán, ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Ìyá mi ò jẹ́ kí àlejò náà padà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa gun zẹmijáàn lọ sí Tatonnonkon, a sọ̀ níbi tí ọ̀nà oko ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti dá mi dúró. Ó tú ìró tó wà léjìká rẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó sì fi ìró náà pọ̀n ọ́n sí mi lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ láti oko rí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan kí mi pé ìyá ọmọ, ẹ kú ewu. Ìyá mi ní kí n máa lọ níwájú, kí n má yà síbì kankan.

A ti rìn díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún nínú àpò. Iṣẹ́ ni, mo mọ̀. Ọmọ mira lẹ́yìn mi. Mo jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Ó tún dún. Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́yìn mi ń retí ohun tí mo máa ṣe. Mo ń rìn lọ.

Ọwọ́ ni mo fi wa ilẹ̀ ìdí ọ̀pẹ náà. Ìyá mi ní kí ìyá Kpoulou da eérú náà sí i, torí ọwọ́ rẹ̀ ló bá wa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó dà á tán, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, àmọ́ ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo bá kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ tí eérú kún lé mi lórí, ó ní ó ti tán.

Ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ọmọ tí wọn ò bá sin ìwọ́ rẹ̀ á sọnù. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń wá ẹnìkan nínú ilé yẹn, kì í sì í ṣe ọmọ yìí."

Ó na ọwọ́ kó tú ọmọ lẹ́yìn mi, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ti sùn. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí a fi délé.