Okùn Tí Wọ́n Ṣẹ́po Sí Mẹ́rin

"Bí imú ẹ̀rọ bá wọnú igi tí ojú rẹ kò rí i mọ́, sá kúrò níbẹ̀. Má dúró wò ó."

Bàbá agégi kan, ọmọ Ọ̀tà, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́dún tí ọmọ mi ra férémù ìlapákó. Mo rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ọmọ òun náà fẹ́ ra irú férémù yẹn, ó ti fi okùn wọn igi rẹ̀. Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ọ̀ṣun la ti wá sí Ọ̀tà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ti gé ìka ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ fún mi ni mo ti ń ka ìka ọmọ mi nígbàkigbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún lọ́dún tó ra férémù, káfíńtà ni, ó níyàwó. Síbẹ̀, bó bá ti na ọwọ́ gba omi, mo ti kà á dé mẹ́wàá kó tó mu ún tán. Mo rò pé kò mọ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ fún káfíńtà lásìkò yẹn. Láti Ìyànà Ìyẹsí wọ inú lọ, ilé tí àwọn ọmọ yunifásítì máa gbà ń yọ lójoojúmọ́, ìjọ tuntun sì ń yọ láàárín wọn. Ìjọ kan gé ìrókò lulẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n rà, wọ́n ní inú igi yẹn gan-an làwọn fẹ́ kí bẹ́ǹṣì àwọn ti jáde. Ọkọ̀ agbégi kò lè débẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Ọmọ mi ní òun á là á síbi tó wà. Ó ti ní ẹ̀rọ agégi. Férémù ló kù, ìyẹn irin tí wọ́n máa ń dè mọ́ ahọ́n ẹ̀rọ, irin gígùn tí ṣéènì ń yí ká, kí ẹ̀rọ lè dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, kó sì máa la pákó bó ṣe ń lọ lórí igi.

Mo tẹ̀ lé e lọ sọ́jà Ṣàngó. Kò pè mí.

Ọlọ́jà gbé férémù méjì síwájú wa. Ọ̀kan wà fún ahọ́n oníǹṣì mẹ́rìnlélógún, èkejì fún mẹ́rìndínlógójì.

"Báwo nigi yín ṣe fẹ̀ tó?"

"Ogún íǹṣì," ni ọmọ mi wí.

"Ogún péré? Kékeré yìí á gbé e, á tún máa kọrin."

Tépù wà lọ́rùn mi bó ti máa ń wà. Mo fi wọn àárín ẹsẹ̀ férémù kékeré náà méjèèjì, ibi tí igi máa gbà kọjá. Ogún íǹṣì ààbọ̀ ni.

"Màmá télọ̀, ṣé ẹ fẹ́ rán bùbá fún un ni?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Níbo ni íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ tó kù wà?"

"Ẹsẹ̀ ti jẹ ẹ́, Màmá. Ibi tí a ti ń dè é nìyẹn. Ogún lẹ ní ẹ ní, ogún ààbọ̀ rèé. Ààbọ̀ yẹn, ènì ni."

Ọkàn mi kò balẹ̀. Aṣọ tó bá fún mọ́ni pẹ́kípẹ́kí, ibi tó ti máa ya ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ogún kò ju ogún ààbọ̀ lọ, mo sì jẹ́ kí ọmọ mi sanwó. N kò bi ọmọ mi léèrè bó ṣe wọn igi náà. Àṣìṣe tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé oúnjẹ lọ bá a. Oúnjẹ ni mo fi ṣe àwáwí. Bàbá tó bá ìjọ gé ìrókò náà lulẹ̀ jókòó sórí kùkùté rẹ̀, ó ń wo férémù. Ó gbójú sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí fún mi.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Igi ò gba àárín férémù yìí kọjá. Ọmọ rẹ ní òun á tú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kúrò, kí imú ẹ̀rọ, ìyẹn ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀, máa rìn nínú igi lọ́hùn-ún. Wàláhì, bí imú yẹn bá kọ lu ohun líle, ẹ̀rọ á ta padà sí i láyà."

Mo na tépù sójú ìdí igi, láti èèpo dé èèpo. Íǹṣì márùndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ogún ni?" ni mo bi ọmọ mi.

"Màámi, mo wọ̀n ọ́n. Mo fi okùn yí i ká, mo ṣẹ́ okùn náà po sí mẹ́rin, bí gbogbo onígi ti ń ṣe."

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n fi ń mọ bí igi tí wọ́n ń tà ṣe pọ̀ tó ni, kì í ṣe ìbú rẹ̀. Èmi tí mo ti ń gé síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ yí ká láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́, mo mọ̀ pé ohun tó bá yí po ní ọgọ́rin íǹṣì, mẹ́ta àti díẹ̀ la fi ń pín in ká tó mọ ìbú rẹ̀. Ọmọ mi fi mẹ́rin pín in. Íǹṣì márùn-ún ààbọ̀ ló sọnù sínú okùn yẹn.

"Wọ́n fẹ́ bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó ṣí ìjọ, Màámi. Díẹ̀díẹ̀ ni màá fi ṣe é. Ẹ sún sẹ́yìn."

Ó fa okùn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ké. N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí igi náà, síbi tí ẹ̀rọ máa gbà gan-an.

"Ẹ dìde! Ẹ ń dójú tì mí!"

"Kójú tì ọ́. Ìtìjú kì í géni lọ́wọ́."

Bàbá agégi ní, "Ìyá rẹ ti sọ igi di bẹ́ǹṣì kó o tó là á. Pa ẹ̀rọ."

Ó pa á.

Ọmọ mi lọ gba férémù ńlá pààrọ̀. Àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n ààbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n. Bàbá tún kìlọ̀ pé ẹ̀rọ ọmọ mi kò lágbára tó láti fa ahọ́n gígùn bẹ́ẹ̀, pé á gbóná, á há sínú igi. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá tirẹ̀ wá, pẹ̀lú ṣéènì tí wọ́n pọ́n eyín rẹ̀ fún lílà, kì í ṣe fún gígé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi là á. Ojoojúmọ́ ni mo lọ dúró lókèèrè. Bí ohùn ẹ̀rọ bá yí padà báyìí, màá ti gbẹ́sẹ̀ síwájú.

Lọ́jọ́ tó parí, ọmọ mi wọlé, kò tíì béèrè omi tó fi na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi.

"Ṣó pé, Màámi? Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra férémù, tàbí tí ọmọ yín fẹ́ rà á: ẹ na tépù sójú ìdí igi níbi tó ti fẹ̀ jù, láti èèpo dé èèpo. Ẹ wọn àárín ẹsẹ̀ férémù fúnra yín, ẹ má gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí. Bí igi bá fi íǹṣì kan péré fẹ̀ jù ú lọ, ẹ dá a padà.