Etí Kékeré

Ẹ̀kọ gbágùúdá tí Bàbá fi ń lẹ ìwé ń hó lórí iná èédú, ó ń rùn bí ògì tó kan. Èmi àti àbúrò mi jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, nínú àgbàlá tí gbogbo wa jọ ń gbé ní Treichville. Bàbá, aládùúgbò wa, ti ṣe olùkọ́ rí ní Pọ̀tónófò. Ìwé tó ya ni wọ́n ń tún ṣe báyìí fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n na ojú ìwé kan sí wa. Ẹran kan wà níbẹ̀ tó ń dán bí awọ tútù, irun gígùn lẹ́nu rẹ̀, ó nà gbalaja sórí àpáta létí òkun.

"Ta ló mọ ẹran yìí?"

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà lábẹ́ àwòrán náà. Mo ń fi ètè kà á jẹ́jẹ́, o-ta-rie, kí n má baà ṣì í pè. Kí n tó lanu, àbúrò mi ti pariwo: "Lion de mer!" Ó sì bú ramúramù.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Kìnnìún Òkun! Orúkọ rẹ nìyẹn láti òní lọ."

"Bàbá, èmi ńkọ́?"

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n fi ìka tí ẹ̀kọ ti lẹ̀ mọ́ kàn mí létí. "Ìwọ? Etí Kékeré."

Àbúrò mi yí gbirigbiri lórí ẹní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́? Àbí etí yẹn ti kéré jù?"

"Bàbá, kí ló dé tí tirẹ̀ fi jẹ́ kìnnìún?"

"Ìwọ tó ń kàwé, lọ wá tìrẹ nínú ìwé."

N kò wá a. Ìlara kò jẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń fa etí mi níwájú dígí, bóyá yóò gùn sí i. Bí Bàbá bá ní, "Etí Kékeré, wá bá mi tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀ kó gbẹ," mo máa ń lọ, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ orúkọ náà. Wọ́n papòdà láìgbọ́ kí n jẹ́ ẹ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé bí mo ṣe ń ro ọbẹ̀. "Maman, wọ́n ní èdè Giriki ni otarie ti wá. Petite oreille, etí kékeré, ló túmọ̀ sí."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi. Ẹran kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì! Orúkọ tí àbúrò mi pariwo ni Bàbá fún un. Èyí tí ètè mi ń kà ni wọ́n fún mi.

"Mo gbọ́, Bàbá," ni mo wí.

"Maman, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Àdúgbò Koumassi ni àbúrò mi ń gbé báyìí. Bí a bá péjọ, yóò ṣì sọ pé òun ni Kìnnìún Òkun Bàbá, òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Èmi a kàn fọwọ́ kan etí mi. N kò tíì sọ fún un. Ó ti ń jẹ tirẹ̀ láti bí ogójì ọdún. Tèmi kò tíì ju ọdún kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n dá a jẹ ná.